Irun Tí Ìyá Ehoro Tu

Ìbéèrè kan wà tí kò jẹ́ kí n sinmi láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan wá. Àwọn tí ń sin ehoro ní Abẹ́òkúta ń bi ara wọn, àwọn tí kò tíì ra ẹyọ kan náà sì ń bèèrè rẹ̀: ṣé ehoro Angora, èyí tí irun bò títí dé ojú, lè gbé ìlú wa? Àwòrán ẹran náà ló ń káàkiri lórí fóònù. Ó funfun báláú, irun rẹ̀ gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ẹni tó sì gbé e mọ́ra fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Lábẹ́ àwòrán ni wọ́n máa ń kọ iye tí kìlò irun kan ń lọ lókè òkun sí. N kò tíì rí èyí tí wọ́n kọ iye ọmọ tó kú sí lábẹ́.

Ìdáhùn tó máa ń yá lẹ́nu ni pé ooru ò ní jẹ́ kó ṣeé ṣe. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tíì tó. Ènìyàn lè wá nǹkan ṣe sí ooru. Ohun tó ń gbé mi lọ́kàn ju ooru lọ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ń wá irun ehoro kiri ò tíì fara balẹ̀ wo ohun tí ehoro fúnra rẹ̀ ń fi irun ṣe. Gbogbo abo ehoro tó wà ní Ọ̀bàntokò, ní Aṣérò àti ní Láfẹ́nwá, ìbáà jẹ́ New Zealand White, ìbáà jẹ́ Chinchilla, ìbáà jẹ́ èyí tí ìran rẹ̀ ti dàrú, ló ń tu irun ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan nínú oyún rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí a wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ooru

Ehoro kì í làágùn. Etí rẹ̀ ló fi ń lé ooru jáde, ìdí nìyẹn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ fi pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láàárín 15°C sí 25°C ni ara ti máa ń tù ú jù. Bó bá ti kọjá 30°C, oúnjẹ ò ní wù ú mọ́, á nà gbalaja sórí wáyà, á gbé orí sókè, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀sán oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ní Abẹ́òkúta máa ń kọjá 33°C dáadáa, tó bá sì jẹ́ pé páànù lásán la fi bo ilé ehoro, inú rẹ̀ á gbóná ju ìta lọ. Páànù pupa tí ènìyàn ń wò láti orí Olúmọ dùn ún wò. Ehoro tó wà lábẹ́ rẹ̀ ò rí ẹwà kankan níbẹ̀.

Ẹ tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ lé páànù lórí, kó nípọn. Ẹ jẹ́ kí òrùlé ga ju bí ẹ ti rò lọ, kí ẹ sì kọ ilé náà kí gígùn rẹ̀ gba ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má bàa máa wọlé tààrà. Ibi tí iná bá ti dúró, ike omi tó ti dì nínú fíríìsà ṣeé gbé sínú kéèjì lọ́sàn-án. Ehoro á fara tì í. Èyí tí ooru bá ti mú, omi tútù ni kí ẹ fi pa á létí. Ẹ má rì í bọ omi yìnyín, ìjayà rẹ̀ nìkan tó pa á.

Akọ ló ń jìyà ooru yìí jù, ìyà náà kì í sì hàn lójú. Ooru ọjọ́ bíi mélòó kan ń ba àtọ̀ rẹ̀ jẹ́, ó sì lè tó oṣù méjì kí àtọ̀ tuntun tó dára tó dé. Akọ tó ń gun abo pẹ̀lú agbára ní oṣù Kẹrin lè máa gùn ún lásán, nítorí ohun tí oṣù Kẹta bà jẹ́. Àwọn tí kò mọ èyí á ní abo ló yàgàn, wọ́n á tà á lówó pọ́ọ́kú. Akọ ló yẹ kó gba ibi tó tutù jù nínú ilé, kí a sì máa gbé abo lọ bá a nínú kéèjì tirẹ̀ ní ìdájí. A kì í gbé akọ lọ bá abo. Abo máa ń jà fún ilé rẹ̀, akọ tó bá sì dé ilé àjèjì á kọ́kọ́ máa gbóòórùn kiri, á gbàgbé ohun tó bá wá.

Ti Angora ò wá ní í sọ. Ní Íńdíà, orí òkè tútù bíi Kullu ní Himachal Pradesh ni wọ́n ti ń sìn ín, wọn ò kó o lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbígbóná. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò ní Nàìjíríà, Jọ́ọ̀sì tàbí Mambilla ni ọgbọ́n máa kọ́kọ́ rán an lọ. Ẹni tó bá sì fi dandan lé e ní Abẹ́òkúta, kó mọ̀ pé òun ó máa gé irun náà mọ́lẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó le.

Àpótí ọjọ́ 28

Oyún ehoro kì í ju ọjọ́ 30 sí 32 lọ. 31 ló wọ́pọ̀ jù. Ọjọ́ 28 ni kí àpótí ìbímọ wọ kéèjì. Bó bá yá jù bẹ́ẹ̀, abo á sọ ọ́ di ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bó bá pẹ́, orí wáyà ló máa bí àwọn ọmọ sí. Pákó lásán ti tó: gígùn 45 sẹ̀ǹtímítà, ìbú 30, gíga 30, kí ẹnu ọ̀nà iwájú sì ga tó 15 kí ọmọ má bàa yí jáde. Ẹ lu ihò kéékèèké sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ìtọ̀ lè jò jáde. Ẹ má lo pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán kùn, torí abo á gé e jẹ. Ẹ da èérún pákó láti ọ̀dọ̀ káfíńtà sí i kó ga tó 5 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ wá ki koríko gbígbẹ lé e. Igun tí kì í tọ̀ sí ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ wo abẹ́ kéèjì, ẹ ó mọ igun tó yàn fún ìtọ̀.

Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 30, nǹkan á yí padà. Abo tó máa ń sáré pàdé ẹni tó gbé oúnjẹ dé á kọ oúnjẹ. Á ṣa koríko sẹ́nu, á gbé e wọ àpótí, á jáde wá ṣa òmíràn. Á fi ẹsẹ̀ iwájú wa koto sí àárín rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ orí ba, á ki ẹnu bọ abẹ́ àyà ara rẹ̀, á gé irun mú, á fà á tu. Á tẹ́ ẹ. Á tún ki ẹnu bọ̀ ọ́.

Ẹni tí kò rí i rí á rò pé orí ẹran náà ti dàrú, tàbí pé kúrúnà ló mú un. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ọgbẹ́. Nínú ara rẹ̀, progesterone tó ti ń di oyún mú ń lọ sílẹ̀, prolactin tó ń pe wàrà ń gòkè, àyípadà yìí ló sì tú irun ikùn, àyà àti ìhà rẹ̀ débi pé ìfà díẹ̀ ti tó. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ ò mì. Ibi tí ọmú wà gan-an ni irun ti ń kúrò. Nígbà tó bá fi máa tu tán, ọmú 8 tàbí 10 á ti hàn gbangba fún àwọn ọmọ tí kò ríran, tí kò gbọ́ràn, tí wọn ò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti wá a. Ìtu kan ṣoṣo yìí ló tẹ́ ibùsùn tó tún ṣí ọmú sílẹ̀.

Òru tàbí ìdájí ló sábà máa ń bí, ìbí náà kì í sì í pẹ́ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń wọn nǹkan bí 50 gíráàmù, ìhòòhò goloto, ojú dídì. Á lá wọn, á jẹ ibi wọn, á fa irun bò wọ́n mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa fò jáde.

Ìgbà tó bá fò jáde yìí ni ọ̀rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí kò ní padà wá jókòó tì wọ́n. Ehoro kì í sàba lé ọmọ, kì í sùn tì í, kì í gbé e kiri. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló ń wọlé fún wọn lọ́mú, fún ìṣẹ́jú 3 sí 5, á sì bá tirẹ̀ lọ. Nínú igbó tí ìran rẹ̀ ti wá, ìyá tó bá ń wọlé tó ń jáde ń fi ọ̀nà han ọ̀tá ni. Àmọ́ ọmọ tó bí ò lè dá ooru ara rẹ̀ dúró ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ó bá tutù, kò ní lè mu ọmú. Bí kò bá mu ọmú, á tún tutù sí i, kò sì ní pẹ́ kú. Láàárín ìgbà tí ìyá jáde sí ìgbà tó tún wọlé lọ́jọ́ kejì, irun tó tu ló wà pẹ̀lú wọn. Ọ̀já ni, ọ̀já tí ìyá fi pọn ọmọ tó sì fi sílẹ̀ lọ sọ́jà.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹran tí ń tu irun fún ọmọ wà. Ohun tí a kì í rò dé òpin ni pé, fún ehoro, irun yẹn kì í ṣe àfikún sí ìtọ́jú ìyá. Òun gan-an ni ìtọ́jú náà. Ẹni tó bá rí i bẹ́ẹ̀ á jáwọ́ nínú pípe abo ní "ìyá burúkú" torí pé kò sí nínú àpótí. Á jáwọ́ nínú mímú un ní dandan, títì í mọ́ inú àpótí, tàbí gbígbé ọmọ sí i lọ́mú nígbà mẹ́ta lójúmọ́. Inú àpótí ló yẹ kó wò. Ọmọ tó yó, ikùn rẹ̀ á le, wàrà funfun á sì hàn lábẹ́ awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọmọ tí ebi ń pa, awọ rẹ̀ á hunjọ, bí ọwọ́ bá sì kàn án, á fò sókè.

Nígbà tí irun ò bá wá

Abo tó bá ń bí fún ìgbà àkọ́kọ́ lè má tu irun rárá. Èyí tó sanra jù, èyí tí ooru ti dà láàmú, èyí tí ariwo ajá tàbí àlejò ò jẹ́ kó sinmi lálẹ́ náà lè gbàgbé rẹ̀. Bí ẹ bá bá ọmọ nínú àpótí láìsí irun, ẹ gbé abo náà sórí itan, ẹ dojú rẹ̀ sókè, kí ẹ fi ìka fa irun ikùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ti tú tẹ́lẹ̀, á máa yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí tí kò bá yọ, ẹ fi í sílẹ̀.

Kó tó di ọjọ́ yẹn ló yẹ kí irun ti wà ní ìpamọ́. Abo kan wà tí yóò tu irun kún àpótí bámú. Ní oṣù Kẹta, irun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ léwu fún ọmọ: wọ́n á pọ́n wẹ̀ẹ̀, wọ́n á fọ́n ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa fà lọ sí etí àpótí. Ẹ kó ìdajì rẹ̀ kúrò, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kó má ní ìgbẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀, ẹ sá a, ẹ dì í sínú àpò bébà. Nígbà ọyẹ́, tí òru bá tutù tí abo míràn ò sì tu tó, òun lẹ ó fi kún un. Ẹ má fi òwú ilé oògùn rọ́pò rẹ̀. Okùn òwú ń yí mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀ tàbí lọ́rùn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá Abẹ́òkúta lè pèsè irun ehoro, àpò bébà yìí ni mo máa kọ́kọ́ nà sí i.

Ní àárọ̀ ìbí, ẹ fi koríko inú kéèjì abo ra ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó ki í bọ àpótí. Ẹ ka ọmọ, ẹ yọ èyí tó kú. Bí wọ́n bá ju 8 lọ, tí abo míràn sì bí díẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí i, ẹ pín in fún un. Èyí tí ẹ bá bá lórí wáyà, tó ti tutù tó sì gan, ẹ má tíì sin ín. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹnu ọmú ló wà tí ìyá fi fò jáde, tó wọ́ ọ tẹ̀lé ara rẹ̀. Ẹ rì í bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nǹkan bí 38°C, kí orí rẹ̀ wà lókè omi. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ dá a padà sáàárín àwọn yòókù. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá gbóná tán tí kò sì mí ni kí ẹ tó gbà pé ó kú. Ẹ má gbìyànjú láti fún ọmọ tó tutù ní wàrà, kò lè gbé e mì.

Omi ńkọ́? Abo tó ń fún ọmọ lọ́mú lè mu ju lítà kan lọ lójúmọ́. Òùngbẹ wà lára ohun tó ń mú abo jẹ ọmọ rẹ̀, àwọn tó sì ń pariwo pé ẹran àwọn ti di àjẹ́ kì í sábà wo inú ìkòkò omi.

Síbẹ̀, á ṣẹlẹ̀ pé gbogbo ọmọ àkọ́bí abo kan á kú láìka ìtọ́jú sí. Àwọn àgbà ló ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á fẹ́ pa àgò rẹ̀ tì lọ́jọ́ yẹn. Kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Abo tó pàdánù àkọ́bí máa ń ṣe dáadáa nínú èkejì.

Oyún irọ́ náà wà o. Abo tí akọ gùn tí kò sì lóyún, tàbí tí abo ẹgbẹ́ rẹ̀ gùn, lè bẹ̀rẹ̀ sí tu irun ní nǹkan bí ọjọ́ 16 sí 18. Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀. Ẹ má wá oògùn sí i. Ìgbà tó bá parí rẹ̀ ni ó máa ń tètè gba akọ.

Onírun gígùn nínú àpótí

Ẹ jẹ́ ká wá gbé Angora wọ àpótí kan náà. Irun rẹ̀ ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ lóṣù, kò sì dúró bíi ti ẹran yòókù. Bí oyún bá pé, òun náà á tu irun, torí ara ò mọ̀ pé ènìyàn ti yí òun padà. Irun tó tu gùn, ó rọ̀, ó sì ń lọ́ mọ́ ara. Àwọn ọmọ á máa rá nínú rẹ̀, fọ́nrán irun á yí mọ́ ọ̀kan lọ́rùn, á so òmíràn lẹ́sẹ̀ títí ẹsẹ̀ náà á fi dúdú. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n sìn fi máa ń gé irun abo kúrú kó tó bí, tí wọ́n á sì gé irun tó wà nínú àpótí wẹ́wẹ́. Ẹran tí a sìn nítorí irun, irun rẹ̀ ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́rùn bí ènìyàn ò bá dúró tì í pẹ̀lú àlùmọ́gàjí.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Angora nìyẹn. N kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti sìn ín. Àgùntàn tó ń so irun náà ò lè gé e fúnra rẹ̀, ó ti di ẹrù wa. Àmọ́ ẹni tó gba irun lọ́wọ́ ẹran ti gba iṣẹ́ tí irun ń ṣe mọ́ ọn: ó ti di ọmọ ọ̀dọ̀ ehoro títí lọ. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lòòyà, oṣù méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ni gígé. Angora ti Jámánì, tí wọ́n ń gé, lè mú ju kìlò kan wá lọ́dún. Ti Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì ń mú èyí tó kéré sí i wá, àwọn ni irun wọn máa ń tú fúnra rẹ̀ lásìkò, tí a lè fi ọwọ́ tu.

Irun tó tú àti irun tí kò tíì tú, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín wọn, gbogbo ìwà ọmọlúàbí nínú òwò yìí sì wà nínú ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹn. Ní ọdún 2013, PETA, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ẹranko, gbé fídíò jáde láti ọgbà ehoro ní Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń já irun tí kò tíì tú kúrò lára ẹran tí ń ké. Ilé iṣẹ́ aṣọ ńlá bíi H&M dáwọ́ aṣọ Angora dúró lẹ́yìn rẹ̀. Abo ehoro tó wà nínú àpótí kì í tu irun tí kò tíì tú.

Gígé náà gba sùúrù. Awọ ehoro fẹ́lẹ́ ju bébà lọ. Bí ẹ bá fa irun sókè kẹ́ ẹ tó gé e, awọ á tẹ̀lé e wọ ẹnu àlùmọ́gàjí. Ẹ fi ọwọ́ kejì na awọ náà, ẹ tẹ́ àlùmọ́gàjí sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹ ṣọ́ ọmú àti ẹ̀yìn orúnkún. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù tó bà lé ni lẹ́pọ̀n.

Bí a bá fi gígé falẹ̀, irun á wọ ikùn rẹ̀, torí ehoro ń lá ara rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kò sì lè bì. Ìgbẹ́ rẹ̀ á kéré, irun á so wọ́n pọ̀, lẹ́yìn náà á dáwọ́ oúnjẹ dúró. Àwọn kan á ní kí ẹ fún un ní omi ọ̀pẹ̀yìnbó tàbí ti ìbẹ́pẹ, pé á yọ́ irun náà. Kò lè yọ́ irun. Koríko gbígbẹ tó pọ̀, omi mímọ́ àti gígé lásìkò ló ń dènà rẹ̀. Ehoro tó bá fi odindi ọjọ́ kan kọ oúnjẹ, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ló kù.

Ẹ̀tàn kan tún wà tí mo fẹ́ kí àwọn olùrà mọ̀. Wọ́n á ta akọ Angora kan ṣoṣo fún ènìyàn, wọ́n á ní kó fi gun abo ilé, pé gbogbo ọmọ á ní irun gígùn. Irọ́ ni. Jíìnì irun gígùn máa ń sá pamọ́ sábẹ́ ti irun kúkúrú. Gbogbo ọmọ àkọ́kọ́ á ní irun kúkúrú. Bí ẹ bá dá àwọn ọmọ yẹn padà sọ́dọ̀ Angora, nǹkan bí ìdajì ni yóò jẹ́ onírun gígùn. Bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n gun ara wọn, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. Irun àdàlù bẹ́ẹ̀ kì í sì í dára tó ti ojúlówó.

Ta ni yóò rà á? Òwú ni àdìrẹ Ìtòkú, aṣọ funfun tó gba aró dáadáa. Okùn tí àwọn tó ń hun fìlà àti súwẹ́tà ń rà lọ́jà, acrylic, okùn àtọwọ́dá, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Irun Angora tín-ín-rín, ó ń yọ̀, ó sì ń móoru ju irun àgùntàn lọ. Ẹni tó máa ràn án á sábà dà á pọ̀ mọ́ irun àgùntàn kó lè dì. N kò tíì rí ẹni tó nílò irú súwẹ́tà bẹ́ẹ̀ ní Kútò ní oṣù Kẹta.

Ohun tó ń pa wọ́n

Ìjàlọ lè pa odindi àpótí ọmọ lóru kan. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kéèjì kọ̀ọ̀kan sínú agolo tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù wà nínú rẹ̀, kí koríko kankan má sì fara kan kéèjì láti ìta.

Amoxicillin àti ampicillin tí a ń rà ní kẹ́míìsì, bí ẹ bá fi sí ehoro lẹ́nu, á pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun rẹ̀, á ṣu gbuuru, á kú. Ehoro tí ń sín lè yè bí ẹ kò bá ṣe ohunkóhun. Èyí tí ẹ fún ní kápúsù yẹn ni ẹ ó sin. Kúrúnà etí àti imú ní tirẹ̀ ń gbọ́ ivermectin, àmọ́ ìwọ̀n rẹ̀ kéré ju bí ọ̀pọ̀ ti ń rò lọ: 0.2 mílígíráàmù fún kìlò kan, lábẹ́ awọ. Fún ehoro kìlò mẹ́ta, 0.06 mílílítà oògùn 1% nìyẹn, kí a sì tún un fún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Síríńjì mílílítà kan ni kí ẹ lò. Kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹran náà láìpẹ́ sígbà yẹn.

Koríko tó lómi lára ń wú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ọmú níkùn. Yúnyun àti ewé ọ̀dùnkún dára púpọ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n rọ díẹ̀ lábẹ́ ìbòji kẹ́ ẹ tó gbé e fún wọn.

Ní ọdún 2020 ni ibà ẹlẹ́jẹ̀ ehoro, RHD, bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹran tó jẹun lálẹ́ á kú kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀jẹ̀ á máa yọ nímú rẹ̀ nígbà míràn. Kò ní ìwòsàn, àjẹsára nìkan ló wà fún un. Ehoro tuntun tí ẹ bá rà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́ jìnnà sí àwọn tó wà nílé, kí ẹ sì tọ́jú àwọn ti ilé kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Abẹ́òkúta ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ ìlú ò ní: FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Alábàtà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn àti ti ìṣègùn ẹran. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn kẹ́ ẹ tó bi ẹgbẹ́ WhatsApp.

Àwọn tó yè

Ojú wọn á là ní nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 12. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n á máa fò jáde fúnra wọn, à ń gbé àpótí kúrò nígbà yẹn. Kò sí ẹni tó ń sin ehoro tí kì í dúró wo ọ̀sẹ̀ yìí. Wọ́n á máa sáré yípo, wọ́n á máa ta pọ́n-ún sókè láìnídìí, gbogbo wọn á kó orí bọ abọ́ kan ṣoṣo. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ já wọn lẹ́nu ọmú: ìyá ni kí ẹ gbé kúrò, kí àwọn ọmọ dúró níbi tí wọ́n ti mọ̀. Kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́ta, akọ àti abo ti gbọ́dọ̀ pínyà.

Ibi tó le nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti sọ ehoro lórúkọ á rí wàhálà lọ́jọ́ tí oníbàárà bá dé láti Pànsẹ́kẹ̀. Èyí tí a máa fi ṣe ìyá nìkan ló yẹ kó lórúkọ.

Bí a ṣe ń yan ìyá yẹn ni àwọn tó ń wo ìtóbi nìkan máa ń ṣì. Ẹ so káàdì mọ́ kéèjì abo kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí akọ gùn ún síbẹ̀, ọjọ́ tó bí, iye tó bí, iye tó yè, àti ìwọ̀n gbogbo ọmọ ní ọjọ́ 21, torí ìwọ̀n yẹn ló ń sọ bí wàrà rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ẹ kọ irun náà sí i: ṣé ó tu, ṣé ó tó, ṣé ó tu ú kó tó bí tàbí lẹ́yìn ìgbà tó bí tán. Ọmọbìnrin abo tó tu irun dáadáa, tó ní ọmú 8 ó kéré tán, tó sì tọ́ ọmọ 6 tàbí 7 dàgbà, òun la ń fi sílẹ̀, kódà bí àwọ̀ rẹ̀ ò bá wu ojú. Abo tó bá sì bí sórí wáyà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta láìtu irun, tí àpótí wà níbẹ̀ lásìkò, tí omi wà, tí ooru ò sì pọ̀, ẹ má ta á fún ẹni tó ń wá ìyá. Ẹ sọ fún oníbàárà pé ti ọbẹ̀ ni.